Ìbéèrè Ẹ̀yin Òǹkàwé: Nígbà Tí Àrùn Ọkàn Bá Ti Wà Nínú Ìdílé

Láti ìgbà tí a ti kọ̀wé nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lójú ewé yìí, ọ̀pọ̀ lẹ́tà tó ń wọlé ló ń sọ ọ̀rọ̀ kan náà: àrùn ọkàn ti mú òbí tàbí ẹ̀gbọ́n lọ, ẹni tó ṣẹ́kù sì ń wò ó pé òun ló kàn. Gbogbo àyè tọ̀tẹ̀ yìí la fi sílẹ̀ fún wọn. A ti gé àwọn lẹ́tà náà kúrú, a sì ti yọ ohunkóhun tó lè mú kí ẹnikẹ́ni dá àwọn tó kọ wọ́n mọ̀.

Ìbéèrè: Dókítà, ẹni ọdún 38 ni mí. Ìkọlù ọkàn ló pa bàbá mi nígbà tó wà ní ẹni ọdún 49. Ó jókòó sórí àga lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́, kò sì dìde mọ́. Ohun kan náà ló pa àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ní ẹni ọdún 52. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 44, lọ sílé ìwòsàn nítorí àyà tó ń dùn ún, wọ́n sì sọ pé ọ̀kan nínú àwọn iṣan tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wọ ọkàn rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dí pátápátá. Èmi kì í mu sìgá, n kò sanra, kò sì sí ibi kankan tó ń dùn mí. Ìyàwó mi kò jẹ́ kí n sinmi, ó ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò. Èrò tèmi ni pé bí ó bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀, kí ni àyẹ̀wò fẹ́ ṣe sí i? Ṣé kì í ṣe pé màá kàn lọ fi owó gbọ́ ìròyìn burúkú?

Ìdáhùn: Ẹ kú ará fẹ́ra kù. Kò sí ẹni tó máa rí ohun tí ẹ rí nínú ìdílé yín tí ẹ̀rù kò ní bà. Síbẹ̀, ẹ̀yìn ìyàwó yín ni mo wà lórí ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn dókítà ní òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń mọ ìgbà tí àrùn ọkàn inú ìdílé kan tó ohun tí à ń fọwọ́ gidi mú. Bí ó bá mú bàbá tàbí arákùnrin ẹni kí ó tó pé ẹni ọdún 55, tàbí tí ó mú ìyá tàbí arábìnrin ẹni kí ó tó pé ẹni ọdún 65, a ó sọ pé ó tètè dé, a ó sì wá ìdí rẹ̀ láàárín àwọn tó kù. Bàbá àgbà tí ọkàn rẹ̀ daṣẹ́ sílẹ̀ ní ẹni ọdún 86 kò sí nínú ìṣirò yìí, nítorí pé ọjọ́ ogbó lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ẹnikẹ́ni. Ti yín kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni ọdún 49 ni bàbá yín, ẹni ọdún 44 sì ni ẹ̀gbọ́n yín. Ti àbúrò bàbá yín kò wúwo tó ti àwọn méjèèjì yìí, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ fi ìṣísẹ̀ kan jìnnà sí tiyín, ṣùgbọ́n ó kín ọ̀rọ̀ náà lẹ́yìn.

Ẹ wá jẹ́ kí a yẹ gbólóhùn tí ẹ sọ yẹn wò, pé ó wà nínú ẹ̀jẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, kì í ṣe àbùdá kan ṣoṣo ló ń fa àrùn ọkàn. Ọ̀pọ̀ àbùdá kéékèèké ló ń pawọ́ pọ̀ ṣe é: èyí ń jẹ́ kí ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ga, èyí ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ máa ru, òmíràn kò jẹ́ kí ara lo ṣúgà bó ṣe yẹ. Yàtọ̀ sí àbùdá, àwọn ọmọ a tún máa jogún ìwà inú ilé. Bí ìyá bá ṣe ń bu iyọ̀ sí oúnjẹ ni ọmọ yóò ṣe máa bù ú, ọmọ tí bàbá rẹ̀ sì ń fa sìgá nínú yàrá ti ń fa èéfín rẹ̀ sínú láti kékeré. Nítorí náà, nígbà tí a bá ní àrùn ọkàn wà nínú ìdílé kan, ohun tí ó wà níbẹ̀ gan-an, lọ́pọ̀ ìgbà, ni ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá búburú inú ẹ̀jẹ̀, àtọ̀gbẹ àti sìgá. Kò sí èyí tí kò ṣeé wọ̀n tàbí tí kò ṣeé kà nínú wọn, kò sì sí èyí tí a kò lè ṣe nǹkan sí.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìtùnú lásán. Ní ọdún 2004, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan tí wọ́n ń pè ní INTERHEART jáde, èyí tó fi àwọn tó ní ìkọlù ọkàn fún ìgbà àkọ́kọ́ wé àwọn tí kò ní i, ní orílẹ̀-èdè 52. Ohun mẹ́sàn-án ni wọ́n rí pé ó wà nídìí nǹkan bí ìdá 90 nínú ọgọ́rùn-ún ewu náà láàárín ọkùnrin, àti ìdá 94 láàárín obìnrin: ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀, sìgá, ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, ọ̀rá tó kó jọ sí ikùn, ìdààmú ọkàn, àìjẹ èso àti ẹ̀fọ́ déédéé, àìlo ara, àti ọ̀rọ̀ ọtí mímu. Nígbà tí àwọn olùwádìí náà wá fi ìtàn ìdílé kún mẹ́sẹ̀ẹ̀sàn-án, díẹ̀ báyìí ni ó fi lé e. Ohun tí èyí ń sọ fún wa ni pé ara àwọn nǹkan mẹ́sàn-án wọ̀nyí ni púpọ̀ nínú ohun tí ìdílé ń kó ranni ti ń gbà kọjá.

Ìwádìí mìíràn tún wà, ti ọdún 2016, tí wọ́n ti yẹ àbùdá àwọn ènìyàn tó lé ní 55,000 wò. Wọ́n mú àwọn tí àbùdá wọn fi sínú ewu tó ga jù lọ, wọ́n sì wo bí kálukú ṣe ń gbé ìgbésí ayé rẹ̀: ṣé kò mu sìgá, ṣé kò sanra jù, ṣé ó ń lo ara rẹ̀ déédéé, ṣé oúnjẹ tó ń ṣara lóore ló ń jẹ. Láàárín àwọn tí àbùdá wọn burú bákan náà yìí, ewu àwọn tó ń ṣe ó kéré tán mẹ́ta nínú mẹ́rin yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì péré ti àwọn tí ìgbésí ayé wọn kò dára. Ẹ má ṣì mí gbọ́ o. Ewu wọn kò wálẹ̀ tó ti ẹni tí àbùdá rẹ̀ dára, tó sì tún ń tọ́jú ara. Ṣùgbọ́n ìdajì kì í ṣe ohun tí à ń fojú kéré nígbà tó bá jẹ́ pé ẹ̀mí ni à ń sọ.

Ẹ sọ pé kò sí ibi tó ń dùn yín. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rù fún yín jù nìyẹn. Àrùn yìí kì í ké nígbà tó bá ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rá a máa wọ inú ògiri iṣan ẹ̀jẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ògiri náà a máa nípọn, ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà a sì máa tínrín sí i fún ọ̀pọ̀ ọdún, láìjẹ́ pé ẹni tó ni ín mọ nǹkan kan. Nígbà tó bá di ọjọ́ kan, ojú ọ̀rá náà a ya, ẹ̀jẹ̀ a dì lé e lórí, iṣan náà a sì dí láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ní ọdún 1953, àwọn dókítà ológun Amẹ́ríkà kọ ohun tí wọ́n rí nígbà tí wọ́n yẹ ọkàn àwọn ọmọ ogun 300 tó kú nínú ogun Kòríà wò. Ìpíndọ́gba ọjọ́ orí àwọn ọmọ ogun náà jẹ́ nǹkan bí ọdún 22, síbẹ̀ àmì àrùn yìí ti wà nínú iṣan ọkàn àwọn tó lé ní ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún wọn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé ẹrù, tó ń sáré, tí kò ráhùn àyà dídùn rí ni wọ́n.

Nítorí náà, ẹ wá àyè lọ rí dókítà láàárín oṣù yìí. Kí wọ́n wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ yín wo ọ̀rá àti ṣúgà inú rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ìbàdí yín pẹ̀lú, nítorí pé ẹni tí kò sanra lójú lè ní ọ̀rá púpọ̀ nínú ikùn. Ẹ bá mi béèrè fún àyẹ̀wò kan tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tíì gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí: Lp(a). Irú ọ̀rá kan nínú ẹ̀jẹ̀ ni, Kåre Berg, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Nọ́wè, ló ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún 1963. Àjogúnbá ni ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pátápátá. Oúnjẹ kò fi bẹ́ẹ̀ yí i padà, eré ìdárayá náà kò yí i padà. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni márùn-ún ló ní i ju bó ṣe yẹ lọ. Ẹ̀ẹ̀kan láyé ẹni tó láti yẹ̀ ẹ́ wò. Bí tiyín bá ga, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé a kò ní gba gbẹ̀rẹ́ fún àwọn nǹkan yòókù: LDL, tí í ṣe ọ̀rá búburú, gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ, ìfúnpá sì gbọ́dọ̀ dúró síbi tó dára.

Kí ẹ tó lọ, ẹ bá ẹ̀gbọ́n yín sọ̀rọ̀. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n rí nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọjọ́ tí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn: iye LDL rẹ̀, bóyá ìfúnpá rẹ̀ ga, bóyá ó ní àtọ̀gbẹ láìmọ̀. Ìwé èsì rẹ̀ lè là yín lóye nípa ara tiyín ju ohunkóhun tí ẹ lè kà lọ.

Ní ti ìròyìn burúkú tí ẹ ń sá fún, àyẹ̀wò kì í sọ fún ènìyàn pé bí bàbá rẹ̀ ṣe kú ni yóò kú. Nọ́ńbà ni ó ń sọ, nọ́ńbà náà sì ṣeé fà wálẹ̀. Bàbá yín náà ní nọ́ńbà tirẹ̀, bóyá fún ogún ọdún kí ó tó jókòó sórí àga yẹn, ó sì ṣeé ṣe kí ẹnikẹ́ni má bá a wò ó rí.

Ìbéèrè: Ẹni ọdún 41 ni mí, mo tẹ́ẹ́rẹ́, n kì í jẹ ọ̀rá púpọ̀, mo sì máa ń rìn lójoojúmọ́. Síbẹ̀, àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe fún wa níbi iṣẹ́ fi hàn pé LDL mi jẹ́ 214. Màmá mi ní ìkọlù ọkàn ní ẹni ọdún 57, ṣùgbọ́n wọ́n yè é. Dókítà ní kí n bẹ̀rẹ̀ oògùn statin, tó ń fa LDL wálẹ̀. Mo gbọ́ pé ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, títí ayé ni. Mo ní ọmọ méjì, ọ̀kan jẹ́ ọmọ ọdún 12, èkejì ọmọ ọdún 9. Ṣé kí n kọ́kọ́ fi oúnjẹ gbìyànjú rẹ̀ ná?

Ìdáhùn: Oúnjẹ tó dára tí ẹ ń jẹ, ẹ má ṣe fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe dúró lórí òun nìkan. Bí LDL àgbàlagbà bá ti tó 190 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí àrùn ọkàn sì tètè mú òbí rẹ̀, dókítà gbọ́dọ̀ ro ó pé ó lè jẹ́ kọlẹ́sítẹ́rọ́ọ̀lù (ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀) gíga àjogúnbá. Èyí yàtọ̀ sí ohun tí mo ń sọ nínú ìdáhùn àkọ́kọ́, nítorí pé níhìn-ín, àbùdá kan ṣoṣo lè dá ṣe gbogbo iṣẹ́ náà.

Bí ó ṣe ń ṣẹlẹ̀ rèé. Ara ẹ̀dọ̀ ni àwọn ohun kan wà tó ń mú LDL nínú ẹ̀jẹ̀, bí ọwọ́ tó ń ṣa ìdọ̀tí kúrò nínú odò tó ń ṣàn. Michael Brown àti Joseph Goldstein ló ṣàwárí wọn ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 1985. Ẹni tó jogún àbùdá tó bàjẹ́ láti ọ̀dọ̀ òbí kan, ìdajì ọwọ́ náà ni kò ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀dọ̀ rẹ̀, láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí i. LDL a máa ga nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ní ọmọdé, ní ọ̀dọ́, ní àgbà, bó ti wù kí ó tẹ́ẹ́rẹ́ tó. Nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni 250 ló ní i, ọ̀pọ̀ nínú wọn kò sì mọ̀. Àwọn mìíràn a máa ní kókó líle lára iṣan ẹ̀yìn gìgísẹ̀ tàbí lórí oríkèé ọwọ́, àwọn mìíràn a sì máa ní òrùka funfun yí dúdú ojú wọn ká kí wọ́n tó pé ẹni ọdún 45. Ẹ wo ẹsẹ̀ àti ojú yín dáadáa nínú dígí, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ bá rí fún dókítà, ṣùgbọ́n bí ẹ kò bá rí nǹkan kan, ìyẹn kò ní kí ó má wà níbẹ̀.

Lórí ọ̀rọ̀ oògùn, mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ títí ayé máa ń wúwo létí. Àmọ́ títí ayé ni ẹ̀dọ̀ yín náà fi ń ṣiṣẹ́ lọ́nà tó ń gbà ṣe é yìí. Inú èbu ni Akira Endo, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ọmọ ilẹ̀ Japan, ti kọ́kọ́ rí irú oògùn yìí ní àwọn ọdún 1970, láti ọdún 1987 sì ni wọ́n ti fọwọ́ sí i ní Amẹ́ríkà, nítorí náà kì í ṣe ohun tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ń dán ènìyàn wò. Bí LDL bá fi nǹkan bí 39 lọ sílẹ̀ lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi kọ 214 fún yín, ewu ìkọlù ọkàn àti rọpárọsẹ̀ ń fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún dín kù. Bó bá ṣe ń lọ sílẹ̀ sí i, bẹ́ẹ̀ ni èrè náà ń pọ̀ sí i. Ẹran ara lè máa dun àwọn kan tó ń lò ó. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, ẹ má dá a dúró fúnra yín, ẹ padà lọ kí wọ́n dín in kù tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀ sí irú mìíràn. Bí ẹ bá sì ń gbèrò oyún, ẹ sọ fún dókítà ṣáájú, nítorí pé a sábà máa ń dá a dúró fún ìgbà náà.

Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ ni mo fẹ́ kí ẹ mú ní kíákíá. Bí ó bá jẹ́ òun lóòótọ́, ìdajì-ìdajì ni ó ṣeé ṣe kí ọmọ kọ̀ọ̀kan ti jogún rẹ̀, ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìmọ̀ràn tó wọ́pọ̀ ni pé kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ irú ọmọ bẹ́ẹ̀ wò kí ó tó pé ọmọ ọdún 10. Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lásán ni, kò sì sí ìjìyà nínú rẹ̀ fún ọmọdé. Ọmọ tó bá ní i lè bẹ̀rẹ̀ oògùn lábẹ́ àbójútó dókítà ọmọdé láti nǹkan bí ọdún 8 sí 10, èyí tí kò ní jẹ́ kí ọ̀rá náà rí ogún ọdún lò nínú iṣan rẹ̀ kí a tó jí sí i. Kí àwọn ẹ̀gbọ́n àti àbúrò yín náà lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹ̀sùn kan ara rẹ̀, nítorí pé kò sí ìyá tó ń yan àbùdá fún ọmọ.

Ìbéèrè: Bàbá mi àti ẹ̀gbọ́n wọn ló ní ẹ̀jẹ̀ ríru kí ọkàn wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàìsàn. Mo ra ẹ̀rọ ìwọn-ìfúnpá sílé, ṣùgbọ́n ó ń kọ 128 láàárọ̀, 151 nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá ó tún kọ 139. Èwo ni kí n gbà gbọ́?

Ìdáhùn: Ẹ má gba ọ̀kan ṣoṣo gbọ́ nínú wọn. Ìfúnpá kì í dúró lójú kan. Ó ń ga bí ẹ bá gun àtẹ̀gùn, ó ń ga bí ẹ bá ń bínú, ó tilẹ̀ ń ga bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ̀rọ ń wọ̀n ọ́n. Ohun tí à ń wá ni ìpíndọ́gba, ọ̀nà tí ẹ sì fi ń wọ̀n ọ́n ṣe pàtàkì gan-an.

Ẹ kọ́kọ́ lọ tọ̀, nítorí pé ìtọ̀ tó kún inú lè gbé nọ́ńbà ga. Kí ó ti tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tí ẹ ti mu kọfí tàbí sìgá kẹ́yìn. Ẹ jókòó sórí àga tó ní ìfẹ̀yìntì, ẹ fi ẹ̀yìn tì í, kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì kanlẹ̀, ẹ má ṣe gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ẹ gbé apá lé tábìlì kí ó ṣe déédéé pẹ̀lú àyà. Ẹ ká aṣọ kúrò lápá. Orí awọ ara gan-an ni kí ẹ de ìgbànú ẹ̀rọ náà mọ́, kí ó sì jẹ́ èyí tó bá apá yín mu, nítorí pé èyí tó bá kéré jù fún apá máa ń kọ nọ́ńbà tó ga ju òótọ́ lọ. Ẹ dákẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, láìmú fóònù dání. Lẹ́yìn náà kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú kan, kí ẹ tún un wọ̀n, kí ẹ sì kọ méjèèjì sílẹ̀. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méje, kí ẹ fa ti ọjọ́ àkọ́kọ́ yọ, kí ẹ sì wá ìpíndọ́gba àwọn tó kù.

Bí ìpíndọ́gba tí ẹ rí nílé bá jẹ́ 135 lórí 85 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ gbé ìwé náà lọ fún dókítà. Ní ọ̀dọ̀ dókítà fúnra rẹ̀, 140 lórí 90 ni ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fi ń pe ẹ̀jẹ̀ ríru, nítorí pé àyà ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lù kìkì nígbà tí wọ́n bá rí aṣọ funfun. Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ dín iyọ̀ kù. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà má ṣe jẹ ju gíráàmù 5 lọ lójúmọ́, èyí tí kò tó ṣíbí tíì kan tó kún, tí a bá sì ro iyọ̀ tó ti wà nínú oúnjẹ inú páálí àti agolo mọ́ ọn.

Ìbéèrè: Orí àga ni mo ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Àbúrò bàbá mi ṣubú lulẹ̀ ní ẹni ọdún 29 níbi tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù, ó sì kú. Láti ìgbà náà ni màmá mi kì í ti í fẹ́ kí n sáré. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀, wọ́n tàbí àwọn tó ní kí n máa ṣe eré ìdárayá?

Ìdáhùn: Nínú ọ̀rọ̀ tiyín, màmá yín ní ìdí. Bí ọ̀dọ́ bá kú lójijì lẹ́nu eré, àrùn tí a sábà máa ń ro ni ti ọkàn tí ẹran ara rẹ̀ nípọn jù, èyí tí nǹkan bí ẹnì kan nínú ẹni 500 ní, tí òbí tó ní i sì lè fi ran ìdajì àwọn ọmọ rẹ̀. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ eré tó le, ẹ lọ sọ ìtàn àbúrò bàbá yín fún dókítà, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò bí ọkàn ṣe ń lù, kí wọ́n sì ya àwòrán ọkàn yín. Ó sàn kí bàbá yín náà ṣe é. Bí ẹ bá ti dákú rí nígbà tí ẹ ń sáré, ẹ má dúró di ọ̀la.

Bí wọn kò bá rí nǹkan kan, ẹ wá bẹ̀rẹ̀, nítorí pé jíjókòó náà ní ewu tirẹ̀. Ní ọdún 1953, Jerry Morris, dókítà kan ní Lọ́ńdọ̀nù, fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì wé àwọn agbowó inú bọ́ọ̀sì kan náà. Awakọ̀ jókòó ní gbogbo ọjọ́. Agbowó ń gun àtẹ̀gùn lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Àrùn ọkàn kò mú àwọn agbowó tó bó ṣe mú àwọn awakọ̀, kì í sì í tètè pa wọ́n bó ṣe ń pa àwọn awakọ̀. Ìṣẹ́jú 150 sí 300 lọ́sẹ̀ ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà fi ṣe ohun tó ń mú kí èémí yá díẹ̀, bí ìrìn kánmọ́kánmọ́. Bí ẹ bá ṣì lè sọ̀rọ̀ ṣùgbọ́n tí ẹ kò lè kọrin, ẹ ti dé ibẹ̀.

Ìbéèrè: Ó ti tó ogún ọdún tí mo ti ń mu sìgá, bàbá mi sì kú nípa àrùn ọkàn. Mo ti dín in kù sí ẹyọ kan tàbí méjì lójúmọ́. Ṣé ìyẹn kò tó?

Ìdáhùn: Kò tó. Ọkàn kì í ka sìgá bí ẹ̀dọ̀fóró ṣe ń kà á. Ẹni tó ń mu ẹyọ kan lójúmọ́ ṣì ru nǹkan bí ìdajì àfikún ewu àrùn ọkàn tí ẹni tó ń mu ogún ń rù. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi í sílẹ̀ pátápátá, láàárín ọdún kan péré, àfikún ewu náà ń wálẹ̀ sí nǹkan bí ìdajì. Ẹ ti ṣe èyí tó le jù nípa dídín in kù. Ẹ béèrè oògùn tó ń ranni lọ́wọ́ láti fi sìgá sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ sì parí rẹ̀.

Ìbéèrè: Nítorí ìtàn ìdílé wa, ọ̀rẹ́ mi kan ní kí n máa lo aspirin kékeré lójoojúmọ́. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà tó mọ̀ yín sọ bẹ́ẹ̀. Aspirin a máa mú kí ẹ̀jẹ̀ dà nínú ikùn, nígbà mìíràn nínú ọpọlọ, fún ẹni tí kò sì tíì ní ìkọlù ọkàn rí, ewu yìí lè ju èrè rẹ̀ lọ. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ tó ń gba ìjọba Amẹ́ríkà nímọ̀ràn lórí ìdènà àìsàn sọ pé kí ẹni tó ti pé ọdún 60 má ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti fi dènà ìkọlù ọkàn tí kò tíì ní rí. Ẹni tó ti ní ìkọlù ọkàn, tàbí tí wọ́n ti fi nǹkan la iṣan ọkàn rẹ̀, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀, kí ó má sì dá tirẹ̀ dúró nítorí ohun tí mo kọ yìí.

Ọjọ́ tí àyà bá ń fún ẹnikẹ́ni nínú ilé yín pọ, tí ìrora náà ń lọ sí apá, àgbọ̀n tàbí ẹ̀yìn, tí òógùn tútù ń bò ó, tí kò lè mí dáadáa, ẹ pe ọkọ̀ pàjáwìrì lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ ṣe ohun tí wọ́n bá ní kí ẹ ṣe lórí fóònù. Lára obìnrin, ó lè jẹ́ èébì àti àárẹ̀ tó dé lójijì ló máa hàn jù, ìdí sì nìyí tí àwọn ará ilé fi máa ń sọ fún un pé kí ó lọ sùn. Kí ó má sùn.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ mọ ohun tó pa bàbá mi, ṣùgbọ́n nígbàkigbà tí mo bá béèrè, màmá mi á ní àìsàn ránpẹ́ ni, wọn á sì yí ọ̀rọ̀ padà. Báwo ni kí n ṣe bá wọn sọ ọ́?

Ìdáhùn: Ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú màmá. Bí ẹ bá béèrè pé kí ló pa bàbá, ọjọ́ tó burú jù láyé wọn lẹ ní kí wọ́n padà sí. Ẹ sọ ìdí tí ẹ fi ń béèrè fún wọn ná, pé ara tiyín àti ti àwọn ọmọ ọmọ wọn lẹ fẹ́ fi tọ́jú, kí ẹ sì fọ́ ìbéèrè náà sí wẹ́wẹ́. Ọmọ ọdún mélòó ni bàbá nígbà tí àìsàn kọ́kọ́ ṣe wọ́n? Ṣé wọ́n ń lo oògùn kan déédéé, kí ni àwọ̀ rẹ̀, ìgbà wo ni wọ́n ń lò ó? Ṣé wọ́n máa ń dúró sinmi bí wọ́n bá ń gun òkè? Ṣé ẹsẹ̀ wọn máa ń wú? Ṣé wọ́n ń mu sìgá? Irú ìbéèrè báyìí máa ń rọrùn fún ìyá láti dáhùn, ìdáhùn rẹ̀ sì máa ń wúlò fún dókítà ju orúkọ àìsàn lọ.

Ẹ tún béèrè nípa àwọn ẹbí tí wọn kò kà sí olókùnrùn: ẹni tí rọpárọsẹ̀ mú, ẹni tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, ọ̀dọ́ tó mọ̀ ọ́n wẹ̀ tó sì kú sómi, ẹni tó kú lójú oorun. Àìsàn ọkàn lè fara pa mọ́ sínú irú ikú bẹ́ẹ̀. Bí màmá kò bá sì fẹ́ sọ̀rọ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá lè mọ̀, ilé ìwòsàn tó tọ́jú wọn sì lè ṣì ní ìwé wọn lọ́wọ́. Ẹ kọ gbogbo rẹ̀ sí ojú ewé kan: orúkọ, àìsàn, ọjọ́ orí tó bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ orí tí ẹni náà kú. Ẹ fún ọmọ ìyá yín kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀dà kan, kí ẹ sì mú tiyín dání ní ọjọ́ tí ẹ bá ń lọ rí dókítà.